Bí Imí Àwòdì Ṣe Di Funfun

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ ṣì ń tọ̀ bí ewúrẹ́, imí ẹyẹ kò ní funfun kankan nínú. Dúdú ni, bíi ti àwọn ẹranko yòókù.

Ní àkókò náà, Àwòdì àti ọkọ rẹ̀ ń gbé lórí àpáta ńlá kan. Ní ìsàlẹ̀ àpáta yìí ni ọdẹ kan kọ́lé sí, Ọdẹ́yalé lorúkọ rẹ̀. Ẹran ni Àwòdì ń jẹ, ẹran náà ni Ọdẹ́yalé ń jẹ, wọn kì í sì í bá ara wọn jà.

Gbogbo ẹran tí a bá jẹ ló ń fi ohun díẹ̀ tó dà bí eérú sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ ló ń fọ eérú náà jáde, nítorí náà kò sẹ́ni tó tilẹ̀ bìkítà nípa rẹ̀.

Ọ̀dá wá dá. Odò gbẹ, kànga gbẹ, ohun ọ̀gbìn kú. Ẹran nìkan ló kù láti jẹ. Omi tí wọn ó mu kò tó, ìtọ̀ wọn dín kù, eérú sì ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ìrora ti bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé wú, ó pọ́n, ó ń ta á bí iná. Oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ Àwòdì náà wú, kò lè di ẹran mú mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò hàn sójú. Eérú ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan le, ọ̀nà há. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ Àwòdì ń fò bọ̀ wálé. Ọkàn rẹ̀ dákẹ́ lójú òfuurufú, ó já lulẹ̀ síwájú ilé Ọdẹ́yalé.

Àwòdì sọ̀kalẹ̀, ó dúró ti òkú ọkọ rẹ̀ títí. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń yọjú létí ìtẹ́. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà sì ti ń wú.

"Mò ń lọ bá Ẹlẹ́dàá," ó wí fún Ọdẹ́yalé. "Bàbá Ọdẹ, ṣé kí n béèrè tiyín mọ́ tèmi?"

"Bá mi béèrè," ni Ọdẹ́yalé wí. "Mi ò rí oorun sùn mọ́."

Àwòdì fò. Apá ń ro ó, èémí rẹ̀ ń há, kò yíjú padà. Nígbà tó dé iwájú Ẹlẹ́dàá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, eérú ẹran ń pa wá. Kò sí omi tí a ó fi fọ̀ ọ́."

Ẹlẹ́dàá ní, "Ọ̀nà kan wà tí kò gba omi. N ó gba ìtọ̀ lọ́wọ́ yín. Eérú yóò máa bá imí jáde, funfun bí ẹfun. Ṣùgbọ́n kò ní ṣeé fi pamọ́. Ibi tí ẹ bá su sí, gbogbo ayé ni yóò rí i."

"Ṣé àwọn ọmọ mi yóò yè?"

"Wọn yóò yè."

"Mo gbà á, Bàbá."

Ó padà wá sọ fún Ọdẹ́yalé. Ọdẹ wo àgbàlá rẹ̀ tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní.

"Kí èmi, ọmọ ènìyàn, máa su funfun? Àwọn ará ilé mi yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òjò máa tó rọ̀, n ó tọ̀ ọ́ dà nù."

"Ìṣojú yín náà ni ọkọ mi ṣe já lulẹ̀, Bàbá Ọdẹ."

Ọdẹ́yalé tiro wọlé.

Àwòdì gun ṣóńṣó àpáta, níbi tí gbogbo ẹranko ti lè rí i, ó su. Funfun náà ṣàn gba ara àpáta dúdú wá sílẹ̀. Àwọn ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. Àwòdì na ọrùn sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó wí. "Ohun tó pa ọkọ mi nìyẹn. Kò sí nínú mi mọ́."

Ó na apá, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó fò ju bó ti ń fò tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ẹyẹ yòókù rí i, àwọn náà lọ bá Ẹlẹ́dàá.

Láti ọjọ́ náà ni imí ẹyẹ ti ní funfun, tí ẹyẹ kì í sì í tọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé Ọdẹ́yalé kọ̀, eérú ẹran ṣì ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn. Ẹni tó bá ń jẹ ẹran lájẹjù, tó ń mu ọtí, tí kì í mu omi tó, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè há.

Tí ẹ bá rí ilà funfun lára àpáta, ẹ má pè é ní ìdọ̀tí. Ìyá ọlọ́mọ kan ló kọ́kọ́ fà á síbẹ̀, orí rẹ̀ sì wú bó ṣe ń fà á.