Olùṣọ́ tí Ó Ń Retí Olè

Apẹja kan wà ní erékùṣù kan létí òkun, ọkùnrin tí ara rẹ̀ yá, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ọkọ̀ tuntun. Ní ìgbà ayé rẹ̀ ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ní erékùṣù náà. Àwọn ọkọ̀ á jáde ní òwúrọ̀, wọ́n á padà dé pẹ̀lú akàn díẹ̀ àti àlàyé púpọ̀. Nígbà tó hàn pé àlàyé kò ṣeé fi se ọbẹ̀, gbogbo ìlú pé jọ, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n sì fi ẹnu kò. Ìjọba kọ́ ló rán wọn níṣẹ́. Ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja nínú ló rán wọn. Apá omi kan wà lẹ́yìn erékùṣù náà, níbi tí igi ẹ̀gbà ti na gbòǹgbò sínú omi. Ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí títí wọn yóò fi dàgbà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má da àwọ̀n síbẹ̀ mọ́ títí ìlú yóò fi ṣí i. Wọ́n ri òpó yí i ká, wọ́n so màrìwò mọ́ ọn, kí ojú lè rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Ó wá ku ẹni tí yóò máa ṣọ́ omi ìpamọ́ náà. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe é, nítorí ẹni tó bá ń ṣọ́ omi kò ní ráyè pẹja. Ni àwọn àgbà bá ṣe òfin: ẹni tí a bá mú pé ó da àwọ̀n síbẹ̀, òun ni yóò di olùṣọ́, yóò sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi mú olè mìíràn tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin yìí dùn mọ́ àwọn àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìpàdé kan ṣoṣo.

Olè àkọ́kọ́ kò pẹ́ kó tó yọjú. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìṣáwùrú ló mú u, ó sì di olùṣọ́. Apẹja wa ni ìkejì. Ó wọ inú omi ìpamọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ó ti kọ́kọ́ tẹ́tí sí àgọ́ olùṣọ́, ó sì gbọ́ tí ọkùnrin náà ń hanrun bí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Bí àwọ̀n ṣe kan omi, ìhanrun dákẹ́.

"Àbúrò, káàárọ̀ o," ni olùṣọ́ wí. "O pẹ́ kí o tó dé. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni mo ti ń sun oorun yìí dè ọ́."

Ó fi fèrè ìṣọ́ lé e lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ pẹja láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Orin ló ń kọ lọ.

Bí apẹja wa ṣe di olùṣọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ pé méjì: kó ṣọ́ omi, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nípa ohun tó wà nínú omi náà nígbà tí olùkọ́ wọn bá kó wọn wá. Oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìlú: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ti òkun dé gbọ́dọ̀ fún un ní ẹja kan. Wọn kò sọ bí ẹja náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, àwọn apẹja kò sì béèrè. Ọkọ̀ tuntun rẹ̀ dojú délẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, oòrùn ń là á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ sókun níwájú rẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i. Ó mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló lè dá òun padà sínú ọkọ̀ náà kó tó di igi ìdáná: kí ẹnìkan jalè.

Ó wá gbájú mọ́ṣẹ́. Ó kọ́ ìhanrun bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, títí ó fi lè hanrun kí ojú rẹ̀ kan sì wà ní ṣíṣí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dé, ó fi gbòǹgbò ẹ̀gbà hàn wọ́n, ó fi ẹyin ẹja hàn wọ́n, ó ṣàlàyé bí ẹja ṣe ń dàgbà, òtítọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé bí wọ́n bá délé, kí wọ́n sọ fún bàbá wọn bí ẹja ibẹ̀ ti tóbi tó, àti pé oorun àárọ̀ máa ń wọ olùṣọ́ ibẹ̀ lára púpọ̀. Màrìwò tó wà lára òpó gbẹ, ó já bọ́ sómi. Ó gbàgbé láti so òmíràn. Àràárọ̀ ló ń rántí láti gbàgbé.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ kan, ó bá a níbi tó ti ń fi ìhanrun dánra wò.

"Bàbá Oríyọmí, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń ṣọ́ omi."

"Pẹ̀lú imú?"

"Ọgbọ́n iṣẹ́ ni."

Obìnrin náà wo àwọn òpó tó wà lóòró láìsí màrìwò. Ó gbé àwo kalẹ̀. "Ṣé ẹja lẹ̀ ń ṣọ́ ni, àbí ẹ̀ ń fi ẹja dẹ èèyàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ irú ẹni tí mò ń gbé oúnjẹ wá fún."

Ó bu ẹ̀bà sẹ́nu. Ó sì rí i dájú pé ẹ̀bà kò kúrò lẹ́nu òun títí ìyàwó rẹ̀ fi lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kan yọ. Apẹja wa ń hanrun lọ geere. Ó fi ojú kan wò: olùṣọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ẹni tó mú un gan-an; ìhanrun ti tan òun náà jẹ. Ọkùnrin náà dìde dúró nínú ọkọ̀, ó kó àwọ̀n lé apá, ó ń wá ibi tí yóò jù ú sí. Kí àwọ̀n yẹn ṣáà ti kan omi, ó parí.

Àmọ́ láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, ó rí ibi tí ọkùnrin náà fẹ́ jù ú sí. Omi ń ru nídìí gbòǹgbò ẹ̀gbà. Àwọn ọmọ ẹja ni, àwọn tó fi han àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ẹyin. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwájú. Bí òun bá mú ọkùnrin yìí, yóò jókòó síbí, yóò hanrun de ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà yóò sì hanrun de ẹlòmíràn. Olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́, àwọ̀n kan ti wọ omi. Ìlú ti gbé omi ìpamọ́ lé ọwọ́ àwọn tó ń gbàdúrà kí olè dé.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ó fò dìde. "Ẹ má jù ú! Mo ti jí!"

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lófuurufú. "Ṣé orí rẹ pé? O mọ̀ pé bí àwọ̀n yìí bá kan omi, o ti bọ́ nìyẹn?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá ń jí ọ?"

"Ẹ yí ọkọ̀ padà, ẹ̀gbọ́n. Àwọ̀n yín ṣì gbẹ. Ẹ ò tíì ṣẹ̀."

Ọkùnrin náà ká àwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú tì í, kò sì fẹ́ lọ láìsọ nǹkan kan. "Ìhanrun rẹ náà ò tilẹ̀ dára tó tèmi," ló wí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Apẹja wa so màrìwò tuntun mọ́ gbogbo òpó kí oòrùn tó mú, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lọ.

"Olè mélòó lo mú wá?" ni wọ́n bi í.

"N kò mú ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin bàbá. Mo dá ẹnìkan padà."

Àwọn àgbà mi orí, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní iṣẹ́ náà kò tíì yé e, kó lọ tún gbìyànjú.

"Iṣẹ́ náà yé mi," ló wí. "Bí mo bá ṣe é dáadáa, n kò ní kúrò níbẹ̀ láé. Bí mo bá ba iṣẹ́ náà jẹ́, ilé ni mò ń lọ lọ́la. Ta ni ẹ rò pé yóò ṣe é dáadáa?"

Àwọn àgbà forí korí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí òfin padà: kí ilé kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ omi fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì gbé e fún ilé tó kàn. Nígbà tó fi yé àwọn àgbà pé ilé tiwọn náà wà lára ilé, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Apẹja wa ṣọ́ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tán, ó gbé fèrè fún ẹni tó kàn, ó sì ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi. Kò sí ẹni tó ní láti jalè kó tó lọ sílé. Lọ́dún tí ìlú ṣí omi náà, ẹja ibẹ̀ kárí gbogbo ilé, ó sì ṣẹ́ kù fún yíyan.

Ìwọ tó ń gbọ́ èyí, ìwọ náà ń ṣọ́ nǹkan. Ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́, ó lè jẹ́ ìjọ, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣọ́. Yẹ ara rẹ wò lọ́jọ́ tí ẹni tí o fura sí bá ṣe rere lójú rẹ. Bí inú rẹ bá dùn, olùṣọ́ ni ọ́. Bí ó bá ṣe ọ́ bí ẹni pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Ẹnìkan wà tó ti kó àwọ̀n lé apá báyìí, o sì mọ̀ ọ́n. Má ṣe bí ẹni tó sùn. Pè é lórúkọ nígbà tí àwọ̀n rẹ̀ ṣì gbẹ.