Òfin Ilẹ̀kùn Ṣíṣí

Ààlọ́ o! Mi ò gbọ́ yín. Ààlọ́ o! Ẹ̀hẹ́n, ẹ ti jí. Onílé wo ló ń gbé ilé rẹ̀ rìn, tí kò sì rẹ́ni bá a gbé inú rẹ̀? Ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ mi yí gbiri, ó fo ọba, ó fo ìjòyè, ó já lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà. Kìnnìún ọba ni olórí rẹ̀, Ìjàpá ni akọ̀wé. Tí ìpàdé bá jókòó, ọba á béèrè pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀?" Gbogbo ẹgbẹ́ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kò sẹ́ni tó ń dá ẹnu lé "Bẹ́ẹ̀ kọ́" níbẹ̀. Àwọn Ìjàlọ ni ọmọ ogun. Ààlà ìlú ni wọ́n ń ṣọ́, wọn kì í dá sí ìpàdé.

Ìjàpá ọlọ́kánjúwà lọ bá Balógun Ìjàlọ. "Balógun, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ìlú, ẹ ò sì ní àga ní ìpàdé. Tí ẹ̀rù bá ba ìlú díẹ̀, wọ́n á wá fi àga lọ̀ yín."

"Kí lo fẹ́ jẹ níbẹ̀, Akọ̀wé?"

"Kékeré ni. Ẹni tẹ́ ẹ bá mú, kí oúnjẹ ilé rẹ̀ jẹ́ tèmi."

Nígbà tó di ìpàdé, Ìjàpá dìde, ó wúkọ́. "Kábíyèsí, ọ̀tá ti wọ àárín wa. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí Balógun máa bójú tó o."

"Ṣé bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bí àga Balógun ṣe dé ìpàdé nìyẹn. Kò pẹ́, àga náà sún mọ́ ti ọba. Kò pẹ́ sí i, ọba ò lè sín láìkọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Òkété tó fi ewé dí ẹnu ihò rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ìjàpá kó ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Ìgbín, ọ̀rẹ́ Ìjàpá tó máa ń wá bá a tàkúrọ̀sọ nírọ̀lẹ́, fi itọ́ lẹ ẹnu ilé tirẹ̀ pa, bí baba rẹ̀ ti ń ṣe ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ni Ìjàlọ bá gbé e, ó di àhámọ́ ní ààlà.

Yánníbo ní, "Baálé mi, ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n gbé lọ yẹn o."

"Òfin ni."

"Ta ló ṣe òfin ọ̀hún?"

Yánníbo di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sílé baba rẹ̀.

Ilé Ìjàpá kún fún oúnjẹ, kò sẹ́nu tó máa bá a jẹ ẹ́. Ó ju ẹ̀kùrọ́ sẹ́nu, kò dùn. Bó bá kí ará àdúgbò, wọ́n á jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì yára kọjá. Irọ̀lẹ́ wá ń gùn jù fún un. Àárò Ìgbín sọ ọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó gba ààfin lọ, ó bá ẹgbẹ́ ní ìpàdé. "Kábíyèsí, ọyẹ́ ló mú Ìgbín, kì í ṣe ọ̀tá. Èmi tí mo dá òfin yìí lábàá náà ló ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yí i padà."

Ọba yíjú sí Balógun. "Ṣé bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni Balógun wí.

Gbogbo ẹgbẹ́ wo ilẹ̀. Etí wọn ò gbọ́ ọ rí.

Balógun ké sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀: "Akọ̀wé ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀tá. Ẹ sún mọ́ ọn."

Bí Ìjàlọ ti ń wọ́ bọ̀ yẹn, àyà Ìjàpá já. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó fa orí, ó fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, gbàmù.

Balógun rẹ́rìn-ín. "Ó ti ilẹ̀kùn."

"Ara mi ni!" Ìjàpá ń ké nínú lọ́hùn-ún. "Ilẹ̀kùn kọ́!"

Àwọn ọmọ Òkété rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Àwọn Ìjàlọ yí akọ̀wé gbirigbiri jáde nílùú, ẹgbẹ́ sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a lóhùn mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Ìgbín ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ẹjọ́ parí, wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Ìjàpá ló gbà kọjá nínú igbó.

"Ìgbín, ọ̀rẹ́ mi, o kú ewu."

Ìgbín ò fèsì. Ẹ ṣáà mọ ìrìn ìgbín. Ó pẹ́ gan-an kó tó kọjá tán, Ìjàpá sì ń wò ó ní gbogbo àkókò yẹn.

Ìdí rèé tí Ìjàpá fi ń dá rìn títí dòní, tó jẹ́ pé bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, inú ilé lorí rẹ̀ ń sá lọ. Ìdí rèé pẹ̀lú tí ọba ẹranko fúnra rẹ̀ fi ń yà lọ́nà bí ìjàlọ bá ń kọjá. Ibi tí mo bá a dé nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi dí. Ṣùgbọ́n mo fi ìka lù ú, ó ṣì ń dún pó, pó, pó.