Àkàbà Tí Wọ́n Dì Nínú Òjò

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń rú èèyàn lójú: "Àkàbà àná kọ́ ni àkàbà òní." Èyí tó dúró níbẹ̀ lánàá náà ló ṣì dúró, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Báwo ni kò ṣe wá ní jẹ́ ọ̀kan náà? Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́, mi ò fẹ́ ṣì í sọ.

Jìnádù ló ni ọ̀rọ̀ náà, káfíntà tó ń kan òrùlé ní abà Ìdí-Ìyeyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti já bọ́ láti orí àkàbà, kò lè dìde lórí ẹní mọ́, Jìnádù ló wá ń bọ́ ilé méjèèjì, tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yẹ kó bẹ̀rù. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ àkàbà í dì ni. Èmi mọ̀ ọ́n."

Ọparun ni tiẹ̀, okùn ló fi di ibi ìtẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó dì í, òjò ń rọ̀. Okùn mu omi yó, ó fún pinpin. Lẹ́yìn náà, oòrùn ràn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Adéòtí, àgbàlagbà tó ń ru yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé, fọwọ́ kan okùn náà láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin.

"Káfíntà, inú òjò lo di èyí. Bí okùn bá gbẹ, dídẹ̀ ló ń dẹ̀. Tún un dì."

"Ìyá, yanrìn lẹ ń rù. Ṣé ẹ tún fẹ́ bá mi kan òrùlé ni?"

"Rárá o."

Kò jà. Ó kàn ń ru yanrìn bọ̀, ó ń dà á sídìí àkàbà, igbá lé igbá. Jìnádù rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó gùn ún lọ.

Ó ku ìtẹsẹ̀ méjì kó dókè nígbà tí okùn yọ̀. Ọparun yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó pariwo, ó ti balẹ̀ sórí yanrìn, gbì.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń mi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ń mì. Ọrùn ọwọ́ òsì nìkan ló yẹ̀.

"Ta ló da yanrìn síbí?"

"Èmi ni. O ní n má kan òrùlé, o ò ní n má ru yanrìn."

Ẹ̀rín pa Jìnádù, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọwọ́ náà jinná. Kò sẹ́ni tó febi sùn nínú ilé méjèèjì. Láti ìgbà náà, Jìnádù kì í gun àkàbà láàárọ̀ láìkọ́kọ́ fa okùn rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kí àlejò tí kò mọ̀ rí. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá ní, "Àná la ṣì gùn ún," yóò na ọwọ́ òsì yẹn sí wọn:

"Àkàbà àná kọ́ ni àkàbà òní."