Ìdérí Ìgò Ìyá Àṣàbí

Àná ni Ìbídùn, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oògùn, bínú sí Ìyá Àṣàbí, ìyá àgbà àdúgbò rẹ̀, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣì kún inú ìgò. Lónìí ní kíláàsì, olùkọ́ wọn fi báńdéèjì di ìka àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n ṣí irú ìgò náà. Ìbídùn tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí i títí, kò ṣí.

Olùkọ́ ní, "Bí ọwọ́ àgbà ṣe rí nìyẹn."

Ìbídùn mú ìdérí tó rọrùn láti ṣí lọ sílé Ìyá Àṣàbí, ó fi dé ìgò rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. N kò mọ̀ ni."

Ìyá fi ìka rẹ̀ tó ti ká ṣí ìgò, ó mí kanlẹ̀. "Ojú ló tì mí tí mo fi dákẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Bu omi wá, ọmọ mi."