Èsúrú Ẹ̀yìnkùlé Fádùnsín

Ewé jọ ewé, ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ kò jọra: a díá fún Fádùnsín ará Ìpólé, lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ọgbà ara rẹ̀ ń bà á.

Ẹ̀rù náà tọ́. Ọwọ́ èrò ọ̀nà ló ti ra irúgbìn èsúrú tó gbìn sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó ta, ó sè é fún Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà bì títí ojú rẹ̀ fi yí. Díẹ̀ ló kù kó bá a lọ.

Fádùnsín sáré tọ Ìyánífá Fáṣọlá lọ, òun àti Adégoróyè, àbúrò ọkọ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ gbà mí. Ṣé kí n hú gbogbo ọgbà náà dànù ni?”

“Má hú u. Ifá ní kí o rú ẹyẹlé, oyin àti obì. Èyí tó kù, sùúrù ni. Já ìtàkùn náà tewétewé, kí o gbé e tọ Bàbá Fákúnlé lọ ní Ìlàrẹ̀. Ó ní ìwé tí wọ́n ya àwòrán ewé sí. Ohun tí ìwé kò bá tíì jẹ́rìí sí, má gbìn ín.”

Adégoróyè rẹ́rìn-ín. “Ìyá, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ṣé ìwé ni yóò wá júwe èsúrú fún mi?”

Fádùnsín rúbọ, ó sì gba Ìlàrẹ̀ lọ. Bàbá Fákúnlé gbé ìtàkùn náà lé ojú àwòrán, ó wò ó pẹ́.

“Ọmọ mi, ìwé yìí ní èsúrú igbó àti tilé jọra débi pé wọ́n ń tan olójú. Ọwọ́ ẹni tó ń gbìn ín, tó sì ń jẹ ẹ́, ni kí o ti gbà á.”

Ó júwe arúgbó kan ní Ìdọ̀kọ fún un. Ìyá náà wú èsúrú nínú oko rẹ̀, ó sè é, ó kọ́kọ́ jẹ níṣojú Fádùnsín, kó tó fún un ní irúgbìn. Omi bọ́ lójú Fádùnsín. Nígbà tí ìyẹn ta, Àwẹ̀ró jẹ, ó tún bèèrè sí i.

Adégoróyè wú tirẹ̀ nínú igbó, ó gbìn ín, ó sì jẹ ẹ́. Gbígbé ni wọ́n gbé e wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Nígbà tó rí ara gbé dìde, ó wá sọ́dọ̀ aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ fún mi ní irúgbìn.”

“Màá fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ìlàrẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí ìwé tí ẹ fi rẹ́rìn-ín.”

Wọ́n jọ lọ. Fádùnsín ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyánífá, Ìyánífá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ẹni tó gbọ́ rírú, tó rú u, ọgbà rẹ̀ tutù, ọmọ rẹ̀ yó. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ Ifá ṣẹ̀fẹ̀, àbámọ̀ ló fi kọ́gbọ́n.