Ojú Ìbídùn àti Tìróò Ìyá Ológe

"Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò, tó ń ṣàlàyé pé òwe náà ń kọ́ wa láti máa tètè bọ́jú lówùúrọ̀. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò náà. Bíbọ́jú kẹ̀! Ìyá tó bí ìyá mi ló pa ìtàn rẹ̀ fún mi, kò sì sí ìgbà kan tó pa á tí ohùn rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí n pa á fún yín bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bí ohùn tèmi náà bá le, ẹ fara dà á.

Ní ìlú Apáòkè láyé àtijọ́, agboolé kan wà tí obìnrin kan ṣoṣo ti ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ara níbẹ̀. Òun ló ń se ọṣẹ dúdú, òun ló ń lọ osùn tí wọ́n fi ń kun ìyàwó àti ọmọ tuntun, òun náà ló ń lọ tìróò tí wọ́n ń lé sójú. Ọmọ ilé ni, kì í ṣe ìyàwó ilé. Ọkọ rẹ̀ ló kú tó fi padà sílé bàbá rẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí ọmọ ilé jẹ́ sí àwọn ìyàwó: ọkọ ni. Ìyàwó kankan kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ àbísọ rẹ̀, nítorí náà Ìyá Ológe ni gbogbo wọn ń pè é.

Òfin kan wà nínú agboolé yẹn tí ẹnikẹ́ni kò kéde rí, tí gbogbo ènìyàn sì ń pa mọ́. Ìyàwó tó bá ra ọṣẹ tàbí osùn tàbí tìróò lọ́wọ́ ará ìta ti tàbùkù ilé ọkọ rẹ̀. Wọn á ní ó lọ ń sọ fáyé pé ọwọ́ àwọn kò mọ́. Nítorí èyí, ọ̀dọ̀ Ìyá Ológe ni gbogbo wọn ti ń rà. Ọṣẹ náà a máa ta wọ́n lára, wọn á máa họra láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹnu tí wọ́n sì fi ń kérora náà ni wọ́n fi ń yin ọṣẹ.

Ibẹ̀ ni Ẹfúnkẹ́ bá ọkọ lọ. Láóyè, àbúrò Ìyá Ológe, ló fẹ́ ẹ. Ìyá Ẹfúnkẹ́ náà ń se ọṣẹ nílùú tiwọn, nítorí náà ojú Ẹfúnkẹ́ là sí iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé ọṣẹ tí a kò bá jẹ́ kó jinná dáadáa, tí a kò sì jẹ́ kó jókòó kó rọ̀ kí a tó tà á, yóò máa bó ènìyàn lára. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ọṣẹ ilé ọkọ wẹ̀ ló ti mọ̀ pé kánjúkánjú ni wọ́n se é. Ṣùgbọ́n ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kì í la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e mì, ó ń fara dà á.

Ìgbà tó bímọ ni ọ̀rọ̀ di méjì. Obìnrin ni ọmọ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Ìbídùn. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni Ìyá Ológe ti gba ìtọ́jú ọmọ àbúrò rẹ̀ ṣe. Ó fún Ẹfúnkẹ́ ní ọṣẹ tí yóò máa fi wẹ̀ ẹ́ àti osùn tí yóò máa fi kùn ún. Ní ti tìróò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá lówùúrọ̀, yóò gbé àdó kékeré rẹ̀ dání, yóò sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lé e sójú ọmọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ọrùn àti abíyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí ara rẹ̀ sú. Èyí tó burú jù ni pé gbogbo òwúrọ̀ ni ìpin ń di ojú rẹ̀ pa. Ẹfúnkẹ́ á rẹ òwú sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á máa rọra nù ún títí ojú yóò fi là, ọmọ á sì ti sunkún títí ohùn rẹ̀ á há.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Láóyè ní ṣé kí òun lọ bá ẹ̀gbọ́n òun jà nítorí ìpin ni? Ó ní tìróò kan náà ni wọ́n lé sí ojú òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun kò sì fọ́jú. Irọ́ ni o. Nígbà tí Láóyè wà lọ́mọdé, ìyá wọn ló ń lọ tìróò, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹfúnkẹ́ wá kúnlẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi Ìyá Ológe léèrè ohun tó fa ìpin.

"Ìdọ̀tí inú ojú ló ń jáde yẹn," ni Ìyá Ológe wí. "Bó bá fi máa di alẹ́, ojú á mọ́ kedere. Ìwọ ṣáà mú sùúrù."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan láyé, ìdọ̀tí wo ló ti kó sójú? Oko wo ló lọ?

Ẹfúnkẹ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ó bá kó gbogbo ohun Ìyá Ológe dànù lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á ní kó padà sílé bàbá rẹ̀, wọn á sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pinnu pé díẹ̀díẹ̀ lòun yóò máa pààrọ̀ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Ọṣẹ ló kọ́kọ́ kàn. Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fi ewé di ọṣẹ tó ti rọ̀ dáadáa ránṣẹ́ sí i. Ti Ìyá Ológe ṣì wà nínú igbá lórí pẹpẹ, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i. Ojoojúmọ́ ni Ẹfúnkẹ́ ń fi omi kàn án, tó sì ń gé díẹ̀ dànù lára rẹ̀ kó lè dà bí èyí tí wọ́n ń lò. Kí oṣù kejì tó parí, ara ọmọ ti jọ̀lọ̀. Osùn ló tún kàn. Òrí lásán ló ń fi pa ọmọ lára. Ó kàn ń fi osùn díẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹni tó bá gbé e lè rí àmì pupa. Ara sísú náà sì lọ.

Ó wá ku tìróò. Ibí gan-an ni inú ti máa ń bí mi sí Ẹfúnkẹ́ pàápàá, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ó mọ̀ pé ojú ni ohun tó ṣe pàtàkì jù lára ọmọ, síbẹ̀ ojú ló fi ṣe ìkẹyìn. Bí ìtìjú ṣe tó ló fi to iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe bí ewu ṣe tó. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ, inú yàrá ni wọ́n ti ń fi nǹkan pa á lára. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gbé ọmọ, ojú rẹ̀ ló ń wò. Bí wọn kò bá rí tìróò níbẹ̀, ilé á gbọ́, ọ̀nà á gbọ́. Ó gbìyànjú láti máa nù ún kúrò bí Ìyá Ológe bá ti lọ tán. Nígbà tí ìyẹn rí i pé tìróò kì í pẹ́ lójú ọmọ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lé e lọ́sàn-án náà. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìpin sì di ìlọ́po méjì. Ẹ̀rù ba Ẹfúnkẹ́, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí Ìbídùn pé oṣù méje, Ẹfúnkẹ́ ń fi kànrìnkàn tuntun bá a ṣeré lórí ẹní. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá mú un wá láti apá òsì, ọmọ kì í yíjú sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ gba kànrìnkàn. Ó wá bo ojú ọ̀tún. Ọmọ dákẹ́ lójijì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́. Ẹfúnkẹ́ gbé e lọ sójú ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹyinjú òsì ti funfun.

Kò sunkún. Ó pọn ọmọ náà, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ bá Ìyá Ológe. Tìróò ló ń lọ lọ́wọ́. Orí ọlọ tó fi ń lọ eérú ọṣẹ kúnná náà ló ti ń lọ ọ́. Eérú ṣì wà nínú gbogbo ojú ọlọ, ó funfun lára ọmọ ọlọ. Eérú tó ń bó àgbàlagbà lára nínú ọṣẹ, òun ló ń bá tìróò wọ ojú ọmọ ọwọ́ láràárọ̀! Kò pa á mọ́, kò fi ṣe àṣírí. Ó kàn ń fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ọ̀lẹ kò jẹ́ kó fọ ọlọ.

Ẹfúnkẹ́ mú àdó tìróò níbẹ̀, ó tọ Baálé lọ. Ariwo ti ta, gbogbo agboolé pé jọ, Láóyè náà wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀, ó fi ojú ọmọ han Baálé, ó sì sọ ohun tó rí lórí ọlọ. Ìyá Ológe ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni, ó ní kò sí ohun tó ṣe tìróò òun.

"Baba, n kò wá jà," ni Ẹfúnkẹ́ wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ fún. Kí Ìyá Ológe lé tìróò yìí sí ojú ara wọn níṣojú gbogbo wa."

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ológe. Kò na ọwọ́ gba àdó náà.

"Èmi kì í lo èyí tí mo ń tà," ló wí.

Bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í jẹ ilá ló ṣe sọ ọ́! Nígbà tí Baálé bi í, ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ oníṣòwò kan lóde ìlú lòun ti ń ra tòun, ọdún kẹfà sì rèé. Ẹ ò wá rí i pé àgbàyà ni? Ó mọ̀. Bí kò bá tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe ojú àwọn ọmọ, ó mọ̀ pé òun kò lè fi ojú tòun dán an wò.

Ẹ̀yin rò pé wọ́n dá a lẹ́bi lójú ẹsẹ̀, àbí? Rárá o. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ní kí á má jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Wọ́n ní ọmọ ilé ni, a kì í fi ọ̀bẹ gé ẹran ara ẹni. Láóyè ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ yíjú sí Ẹfúnkẹ́, ó ní kó mú sùúrù, ọmọ ṣì kéré, bó bá fi máa di alẹ́ ayé rẹ̀, ojú náà lè là.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí ló mú kí Ẹfúnkẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyàwó kan yóò dúró sọ̀rọ̀ níwájú Baálé nínú agboolé yẹn.

"Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin," ló wí. "Gbogbo òwúrọ̀ ni ojú ọmọ yìí ń ṣepin. Gbogbo yín lẹ gbé e, gbogbo yín lẹ rí i, ẹ sì ní kí n máa dúró de alẹ́."

Ìyàwó kan dìde láàárín èrò, ó ní ojú ọmọ tòun náà ń ṣepin bẹ́ẹ̀. Òmíràn dìde, òmíràn tún dìde, ẹnì kẹrin náà dìde. Ìyàwó mẹ́rin ni, inú agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé, oníkálukú ń rò pé ọmọ tòun nìkan ni, oníkálukú ń fi òwú nu ìpin ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Baálé pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́ ọlọ náà, kí Ìyá Ológe má sì se ohunkóhun tà mọ́. Wọ́n da tìróò gbogbo ilé sí ààtàn. Ojú àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá. Ojú ọ̀tún Ìbídùn náà dá. Ti òsì kò là mọ́ títí ó fi darúgbó, Ìyá Ológe kò sì tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Ó ní kádàrá ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíbọ́jú ni wọ́n ń sọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí àfẹ́sọ́nà bá ti ń gbá ọmọbìnrin létí kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé yóò yí padà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí alájọṣe bá ti ń parọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, àti bí ọ̀rẹ́ bá ti ń dalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ kò tíì dójú ẹ̀. Ohun tí yóò bá wa dọjọ́ alẹ́ kì í ti ìbẹ̀rẹ̀ máa pa wá lára. Ẹ má sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ létí mi o. Ojú ọmọ kan ni wọ́n fi ra òwe yìí.