Orúkọ Tó Bo Iná

Ní ìlú kan létí òkun, ọkùnrin olówó kan wà tí kì í fún ènìyàn lómi mu kí ó má ròyìn rẹ̀.

Láyé àtijọ́, iná igi ni àwọn ará ìlú náà máa ń dá sí etí òkun kí àwọn apẹja lè mọ̀nà wálé. Bí òjò bá pa á, ọkọ̀ á gun òkìtì iyanrìn, ẹkún á sọ nílé. Àánú wọn ṣe olówó yìí. Ó kọ́ ilé gogoro kan, ó fi gíláàsì yí òkè rẹ̀ ká, ó gbé àtùpà ńlá síbẹ̀. Gbogbo ìlú súre fún un, ó sì tọ́ sí i.

Ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn tó wà lójú omi ń rí iná, wọn kò rí orúkọ. Èyí dùn ún wọra. Ó pe ọlọ́dà, ó ní kí ó kọ ọ́ sára gíláàsì. Ọlọ́dà kọ orúkọ. Oyè ńkọ́? Ó kọ oyè. Oríkì ńkọ́? Ó kọ oríkì. Ibi tó ṣẹ́ kù, ó ya fìlà olówó sí i.

"Ọ̀gá, níbo ni iná máa gbà jáde?" ọlọ́dà bi í.

"Kùn ún, jàre. Ṣé owó rẹ ni?"

Ọjọ́ náà gan-an ni olówó kọjá sí òdìkejì omi lọ mú bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá. Bàbá náà kò tíì gbà fún un. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó jẹ́. Ilẹ̀ ṣú bá wọn lójú omi. Olówó dìde nínú ọkọ̀, ó ń nawọ́.

"Ẹ máa wo ọ̀hún, bàbá. Ẹ máa tó rí iná mi."

Ó ṣì ń nawọ́ nígbà tí ọkọ̀ gun iyanrìn, tó dojú dé. Omi mù wọ́n dé àyà, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Olówó ń pariwo pé ẹni tó pa iná òun máa kúrò nílùú.

Nígbà tí ojú mọ́, ilé gogoro náà ló wà níwájú wọn. Bàbá náà fún omi kúrò lára fìlà rẹ̀, ó sì ka gíláàsì náà láti orúkọ dé oríkì, kò kánjú.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo ti mọ irú ẹni tí o jẹ́. Ó hàn gedegbe."

Ó wọ ọkọ̀ apẹja tó kọ́kọ́ kọjá, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o sanwó ìtọ́jú aláìsàn kan, o sì ròyìn rẹ̀ títí ó fi ń sá fún ọ ní títì. Oore náà dára. Tètè lọ ha ọ̀dà kúrò lára gíláàsì rẹ, nítorí ìwọ náà ṣì máa wọkọ̀ lóru.